Òfin Ọkọ̀ Òfurufú ní Pápákọ̀ Kékeré: Ohun Tó De Awakọ̀ àti Ohun Tó De Ará Ìlú

Láti ọdún 2025 tí pápákọ̀ òfurufú Gateway, tó wà láàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru ní Rẹ́mọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò, kò pọn dandan mọ́ kí ará Agọ́-Ìwòyè tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó tó fẹ́ wọ bàálù kọ́kọ́ forí lé Ìkẹjà. Nígbà ìjọba Gbenga Daniel ni wọ́n ti dá àbá pápákọ̀ náà, ìjọba Dapo Abiodun ló wá kọ́ ọ dé ibi tí bàálù ti lè balẹ̀. Ẹrù oko ló wà lọ́kàn wọn jù nígbà tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní pápákọ̀ ẹrù oko títí di òní.

Bí pápákọ̀ bá ti sún mọ́lé báyìí, ìbéèrè máa ń pọ̀. Kí ló dé tí bàálù fi ń yí po lókè kó tó balẹ̀? Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ kò lè wá mọ́, ṣebí mọ́tò ń rìn lóru? Ta ló ní kí ayafọ́tò má gbé dróònù sókè níbi ìnáwó? Òfin ló wà nídìí gbogbo ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú òfin ọ̀hún ló sì kan ẹni tí kò wọ bàálù rí láyé ẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni pápákọ̀ Gateway, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ́ ló ń ṣòfin ojú òfurufú. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Àjọ NCAA ló ń fún pápákọ̀, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àti awakọ̀ ní ìwé àṣẹ, òun náà ló sì lè gbà á padà. Àjọ NAMA ló ń darí bàálù lójú òfurufú. Òṣìṣẹ́ wọn ló ń jókòó sínú ilé gogoro tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí táwà. NiMet ló ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, NSIB ló ń wádìí rẹ̀. Àwọn òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 ló tún agbára àwọn àjọ wọ̀nyí tò. Kúlẹ̀kúlẹ̀ ìlànà sì wà nínú ìwé tí NCAA ń pè ní Nig.CARs, apá kejìlá rẹ̀ ló dá lórí pápákọ̀. Ọ̀dọ̀ àjọ àgbáyé ICAO ni púpọ̀ nínú ìlànà náà ti wá, ìyẹn ni awakọ̀ tó kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè fi lè balẹ̀ sí Ìlíṣàn láì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí.

Ìwé àṣẹ pàápàá ní ìpele. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún pápákọ̀ tó ń gba bàálù ilẹ̀ òkèèrè ju ìwé àṣẹ lásán lọ, àyẹ̀wò rẹ̀ sì le. Ti Èkó àti Àbújá gan-an, ọdún 2017 ni wọ́n tó rí i gbà, bó ti wù kí wọ́n ti pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́.

Òfin yìí kan náà ló fi jẹ́ pé olówó tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó kò lè kàn fi katapílà tẹ́ ilẹ̀ náà, kó ní kí bàálù òun máa balẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ lè jẹ́ tirẹ̀, òfurufú tó wà lókè ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ NCAA, àwọn elétò ààbò ìlú náà á sì fẹ́ mọ ohun tó fẹ́ máa kó wọlé.

Nínú gbogbo òfin pápákọ̀ kékeré, èyí tó ń bí èrò nínú jù ni ti oòrùn. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ní Nàìjíríà ló jẹ́ pé bí oòrùn bá ti wọ̀, iṣẹ́ parí níbẹ̀. Kò sí iná tó tó lójú ọ̀nà ìbalẹ̀, tàbí kí iná wà kó má sí òṣìṣẹ́ táwà tí yóò dúró di òru. Ní agbègbè Ìjẹ̀bú, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ sí aago méje kọjá díẹ̀, oṣù kọkànlá ló sì máa ń tètè wọ̀ jù. Ilẹ̀ tiwa kò dà bíi ti Ìlú Ọba, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti máa ń fa ara rẹ̀ gùn nírọ̀lẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Níbí, bí oòrùn bá ti wọ̀, kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ tí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàálù tó gbéra ní Àbújá, tó ń lo nǹkan bíi wákàtí kan lọ́nà, kò gbọ́dọ̀ fi ogún ìṣẹ́jú yẹn ta tẹ́tẹ́.

Mọ́tò ń fi iná tirẹ̀ ríran. Bàálù náà ní iná, ṣùgbọ́n iná yẹn kò lè fi ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ han awakọ̀ tó ṣì wà ní kìlómítà mélòó kan sí i. Iná orí ilẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní pápákọ̀ tó bá ní in, iná mẹ́rin kan máa ń wà ní ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà, PAPI ni wọ́n ń pè é. Bí awakọ̀ bá rí funfun méjì àti pupa méjì, ó ń bọ̀ bó ṣe yẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá funfun, ó ti ga jù. Bí gbogbo rẹ̀ bá pọ́n, ó ti wálẹ̀ jù, kó tètè gbé orí bàálù sókè. Níbi tí kò sí iná wọ̀nyí, ojú lásán ló kù, ojú lásán kì í sì í mọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó nínú òkùnkùn.

Ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 2023, bàálù aládàáni kan tó gbé Mínísítà fún iná mànàmáná, Adebayo Adelabu, láti Àbújá lọ sí Ìbàdàn já sínú igbó nítòsí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Oòrùn ti wọ̀. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n bàálù náà bàjẹ́, NSIB sì wọ ọ̀rọ̀ náà. Pápákọ̀ Ìbàdàn kì í ṣe abúlé, ó ti wà tipẹ́. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ iná àti àkókò ló gba ẹnu gbogbo èèyàn lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ tó yẹ kó gbéra ní aago mẹ́ta bá fi falẹ̀ di aago mẹ́fà, tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì gbé èrò pápákọ̀ kékeré lọ sí Èkó tàbí tó fagi lé ìrìn-àjò náà pátápátá, kì í ṣe awakọ̀ ló ya ọ̀lẹ. Ìfalẹ̀ àárọ̀ ni kí èrò bínú sí. Ọ̀nà kan wà o: ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè kọ̀wé ṣáájú pé kí wọ́n fi kún wákàtí iṣẹ́, kí ó sì san owó rẹ̀. Àmọ́ níbi tí kò bá sí iná, kò sí owó tó lè ra ìmọ́lẹ̀.

Ojú ọjọ́ náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Awakọ̀ tó ń fi ojú ara rẹ̀ wá ọ̀nà, tí kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ lé, gbọ́dọ̀ lè rí ọ̀nà tó kìlómítà márùn-ún níwájú, kó sì jìnnà sí ìkùukùu ní mítà 1,500 lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti mítà 300 lókè tàbí nísàlẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò rí òdìkejì pápá bọ́ọ̀lù, ẹ mọ̀ pé kìlómítà márùn-ún kò sí níbẹ̀. Awakọ̀ tó ní ẹ̀rọ àti ìwé àṣẹ tó yẹ lè wá nínú ipò tó burú ju ìyẹn lọ, bí pápákọ̀ náà bá ní ẹ̀rọ tó ń dáhùn láti ilẹ̀.

Ní ti bíbalẹ̀ fúnra rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ẹnu ojú ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ibi tí ojú ọ̀nà dojú kọ ló ń sọ, gẹ́gẹ́ bí kọ́ńpáàsì ṣe wí, àmọ́ wọ́n ti yọ òdo tó kẹ́yìn kúrò. Èyí tí wọ́n kọ 18 sí ní Èkó dojú kọ gúúsù, ìyẹn 180. Ẹni tó bá gba òdìkejì rẹ̀ wọlé á rí 36. Bàálù máa ń dojú kọ afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, kó tó gbéra náà. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń lò á yí. Bí bàálù kékeré bá sì fẹ́ balẹ̀, á yí pápákọ̀ po ní ìrísí àpótí, apá òsì ló máa ń kọ sí, àfi bí wọ́n bá sọ pé ọ̀tún ni níbẹ̀. Ẹni tó ti ń bọ̀ wá balẹ̀ ló ni ọ̀nà ju ẹni tó ṣì ń yí po tàbí ẹni tó wà nílẹ̀ lọ. Bí méjì bá jọ ń bọ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ balẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn já lu ẹni tó ti wà níwájú, bí ọlọ́kadà ṣe máa ń ṣe níkorítà. Ẹni tó bá wà nínú ewu sì ṣáájú gbogbo wọn.

Ẹnu rédíò ni gbogbo èyí ti ń lọ. Ohun tí táwà bá sọ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún un sọ padà ní kíkún, pàápàá nọ́ńbà ojú ọ̀nà àti àṣẹ láti balẹ̀ tàbí gbéra. "Mo ti gbọ́" kò tó. Bí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀, "Mayday" lẹ́ẹ̀mẹta ni, ìlà 121.5 sì ni gbogbo ayé ń lò fún ìgbàlà. Àwọn tó ń gbọ́ rédíò nílé lè má mọ̀ pé aládùúgbò ni wọ́n pẹ̀lú àwọn bàálù: ìlà FM parí sí 108, ibẹ̀ gan-an ni ti ọkọ̀ òfurufú ti bẹ̀rẹ̀, tó lọ títí dé 137. Ẹ̀rọ FM tí wọn kò tò dáadáa, tàbí tí ẹnì kan gbé dúró láìgba àṣẹ, lè dà ariwo sí etí awakọ̀, tàbí kó da ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà hàn án rú. Ìdí kan nìyẹn tí ìjọba fi máa ń ti iléeṣẹ́ rédíò tí kò gbàṣẹ pa, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó ìwé àṣẹ.

Bí rédíò bàálù bá wá kú ńkọ́? Táwà ní iná kan tí wọ́n máa ń nà sí i. Bó bá ń fò bọ̀, tí iná aláwọ̀ ewé dúró gbọn-in, kó balẹ̀. Pupa tó dúró gbọn-in: fún ẹlòmíràn láyè, máa yí po. Pupa tó ń ṣẹ́jú: ibí kò dára, má balẹ̀ síbí. Awakọ̀ á mi apá bàálù bí ó bá jẹ́ ọ̀sán láti fi hàn pé òun ti rí i. Bó bá jẹ́ òru, á ṣẹ́ iná rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá rí bàálù tó ń mi apá nítòsí pápákọ̀ kò gbọ́dọ̀ rò pé òun ló ń kí.

Òfin tún de ilẹ̀ tó yí ojú ọ̀nà ká. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kó má ní kòtò tàbí kọnkéré tó yọ gọngọ, kí bàálù tó bá yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà má baà fọ́. Nígbà tí ọkọ̀ Sosoliso já ní Port Harcourt lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 2005, tí èèyàn 108 kú, àwọn ọmọ iléèwé sì pọ̀ nínú wọn, ìwádìí fi hàn pé bàálù náà kọlu kọnkéré ojú àgbàrá kan nínú pápákọ̀ náà. Ọkọ̀ panápaná pẹ̀lú ní òṣùwọ̀n: ó gbọ́dọ̀ lè dé ibikíbi lójú ọ̀nà ìbalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí bàálù bá ṣe gùn tó ni iye ọkọ̀ panápaná àti omi tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ panápaná kan bá bàjẹ́, bàálù ńlá lè má rí àyè balẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà gùn tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan àwọn àgbẹ̀ àti darandaran ni ti ẹran. Pápákọ̀ gbọ́dọ̀ ní ọgbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ ojú ọ̀nà wò kí bàálù tó balẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2005, bàálù Air France kan tó ń bọ̀ láti Paris kọlu agbo màlúù lójú ọ̀nà ìbalẹ̀ Port Harcourt. Ó súnmọ́ ilé jùyẹn lọ ní oṣù kẹfà ọdún 2018, nígbà tí màlúù gba ojú ọ̀nà pápákọ̀ Àkúrẹ́, tí bàálù Air Peace tó fẹ́ balẹ̀ ní láti dúró lókè títí wọ́n fi lé wọn kúrò. Àwọn èèyàn fi ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Kò jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún àwọn tó jókòó sínú bàálù.

Ẹyẹ náà léwu, nítorí ó lè wọ inú ẹ́ńjìnì. Ìmọ̀ràn ICAO ni pé kí wọ́n máa ṣọ́ ohun tó ń fa ẹyẹ, bí ààtàn ńlá àti ilé ẹran, títí dé kìlómítà 13 sí pápákọ̀. Ní ti Gateway, Ìlíṣàn, Ìpẹru àti Ìkẹ́nnẹ́ ni èyí kọ́kọ́ kàn. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ogun Waterside jìnnà sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òpó gíga yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ gbé òpó tẹlifóònù tàbí ti rédíò dúró gbọ́dọ̀ gba ìwé gíga lọ́wọ́ NCAA, kí ó sì fi iná pupa sórí rẹ̀. Èéfín oko sísun pẹ̀lú, bó bá jẹ́ lẹ́bàá pápákọ̀, lè bo ojú ọ̀nà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Dróònù ló jìnnà jù nínú ohun tí òfin yìí ń bá kiri, torí kò sí ibi tí kò dé. Ọdún 2016 ni NCAA ti kéde pé ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kò gbọ́dọ̀ gbé dróònù sókè láìgba àṣẹ àjọ náà àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ìnáwó ní Agọ́-Ìwòyè, ìkẹ́kọ̀ọ́yege ní yunifásítì Olabisi Onabanjo, ọdún ìlú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, dróònù ti di ara wọn báyìí, ọ̀pọ̀ ayafọ́tò kò sì mọ̀ pé ìwé wà tó yẹ kí àwọn ní. Ìjọba fúnra rẹ̀ kò pariwo òfin náà tó bó ṣe yẹ.

Ní Ogun Waterside, omi ló mú ọ̀rọ̀ wá. Bàálù kò gbọ́dọ̀ fò lókè ìlú tí ilé pọ̀ sí ní ìsàlẹ̀ 300 mítà sí ohun tó ga jù níbẹ̀. Níbi tí kò sí ilé púpọ̀ tàbí lójú omi, 150 mítà ni, àfi tó bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀. Apẹja ní Ìwopin tó rí bàálù tó ń fò lókè ọ̀sà bí ẹni pé ó fẹ́ fọwọ́ kan àwọ̀n rẹ̀ ti rí ẹni tó ń rúfin, bí kò bá jẹ́ pé ewu ló bá a. Bàálù ẹlẹ́ńjìnì kan tó bá sì fẹ́ la omi kọjá débi tí kò lè fi afẹ́fẹ́ nìkan rọra padà sí etí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀wù omi fún gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ohun kan kù tí òfin sọ, òun ló sì dun Ìpínlẹ̀ Ògùn jù. Bí bàálù bá já, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ lè yọ èèyàn, ó sì yẹ kó yọ wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan, kò gbọ́dọ̀ mú irin, wáyà tàbí ẹrù lọ, títí àwọn olùwádìí á fi dé. Àpótí tí wọ́n ń pè ní dúdú kì í ṣe dúdú, àwọ̀ ọsàn ni, kí wọ́n lè tètè rí i. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ Bellview tó gbéra ní Èkó lọ sí Àbújá já ní abúlé Lísà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀. Èèyàn 117 ló kú. Ìròyìn kọ́kọ́ gbé e pé Kíṣí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ti já, kí wọ́n tó mọ̀ pé Lísà ni. Wọn kò dáàbò bo ibẹ̀ bó ṣe yẹ, àwọn kan sì ti kó nǹkan lọ. Wọn kò rí àpótí méjèèjì. Nígbà tí ìwádìí parí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olùwádìí kò lè sọ ní pàtó ohun tó já bàálù náà lulẹ̀.